Láàárín Ilẹ̀kùn Méjì

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹta

Iṣẹ́ ọdún ti bẹ̀rẹ̀. Láti àárọ̀ ni irin ìwọ̀n ti ń wọlé, ti ilé ìwòsàn, ti àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà, ti ilé iṣẹ́ oògùn, kálukú nínú àpótí tirẹ̀ bí ọmọ ìkókó. Gbogbo wọn la máa gbé síwájú Ìyá, irin ìwọ̀n àgbà wa, kí àwọn tó ń bọ̀ wá yẹ̀ wá wò tó dé láàárín oṣù tó ń bọ̀. Ọ̀dọ̀ Ìyá ni gbogbo irin ìwọ̀n tó kù ti ń gba òótọ́ tiwọn. Abẹ́ ìdérí dígí ló ń gbé, ẹ̀mú la fi ń gbé e, ọwọ́ ẹnikẹ́ni kì í kàn án.

Àwa méjì péré la ní àṣẹ láti wọ yàrá òṣùwọ̀n, èmi àti Ẹ̀gbọ́n Jẹ́jẹ́, tí a ń pè bẹ́ẹ̀ nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dún. A kì í wọlé pọ̀, torí ooru ara èèyàn méjì á da afẹ́fẹ́ ibẹ̀ rú. Ẹnì kan á wọ̀n ọ́n, á jáde, ẹnì kejì á tún un wọ̀n. Bí ìdáhùn wa ò bá bára mu, kò sí ìwé ẹ̀rí. Ilẹ̀kùn méjì ló wà, a kì í ṣí wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí fèrèsé, kò sí oúnjẹ, kò sí omi, kò sí fóònù.

Ṣúgà mi láàárọ̀, 112. Mo jẹ búrẹ́dì ègé méjì àti ẹyin kan, mo gún abẹ́rẹ́ yúnítì mẹ́wàá. Ní ọ̀sán, 304, kò sì yẹ kó kọjá 180.

Dókítà ní kí n máa kọ nọ́ńbà. Nọ́ńbà nìkan kọ́ ló ń ṣe mí, ìyẹn ni mo ṣe ra ìwé yìí.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta

Búrẹ́dì ègé méjì, ẹyin kan, yúnítì mẹ́wàá, ojú ibi kan náà, àsìkò kan náà. Ní ọ̀sán, 58, kò sì yẹ kó já kọjá 70.

Mo jókòó lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé iṣẹ́, mo ń mu omi ọsàn bí ẹni tó jí i. Iṣẹ́ tí mo kọ́ sọ fún mi pé bí o bá ṣe ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì tí ìdáhùn rẹ̀ yàtọ̀, má bá ohun tí o ń wọ̀n jà, lọ yẹ òṣùwọ̀n wò. Ó dáa. Ṣùgbọ́n èmi ni ohun tí a ń wọ̀n, èmi náà ni òṣùwọ̀n.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún

Ooru mú débi pé ilẹ̀ ń jó ẹsẹ̀. Bébà tí mo fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò tún ti gbówó lórí. Oníkẹ́míìsì ní ẹjọ́ òun kọ́.

Ìyá ọkọ mi rí súìtì nínú báàgì mi.

"Ìyàwó mi, kí lèyí?"

"Súìtì ni, Màámi. Tí ṣúgà bá ti já wálẹ̀ jù ni mo máa ń lá a."

"Àìsàn ṣúgà ń ṣe ọ́, o ń fi ṣúgà wò ó. Tí ilé bá ń jóná, ṣé epo lo máa bù sí i?"

Mo ṣàlàyé. Mo ti ṣàlàyé rí, màá sì tún ṣàlàyé. Mo gbé ife méjì síwájú wọn, mo bu omi sí ọ̀kan títí ó fi ṣàn sílẹ̀, mo bu ẹ̀kán díẹ̀ sí ìkejì. Mo ní èyí tó kún jù ń ba ara jẹ́ díẹ̀díẹ̀, èyí tó gbẹ jù lè pa èèyàn kí wọ́n tó se omi tíì hó, àti pé abẹ́rẹ́ ló ń fa omi yẹn sílẹ̀. Wọ́n gbọ́ mi dópin. Wọ́n mi orí.

"Ó yé mi. Ìwọ tí o ń wọn ti gbogbo ayé, tìẹ ló kù tí o ò rí wọ̀n."

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín nínú yàrá ìdáná. Ó rò pé mi ò gbọ́.

Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Òṣùwọ̀n ló kọ́kọ́ mọ̀.

Mo ti wọlé, mo ti jókòó títí afẹ́fẹ́ fi balẹ̀, mo fi ẹ̀mú gbé irin ilé ìwòsàn lé àwo. Nọ́ńbà kọ̀, kò dúró. Ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀, bí àlejò tí wọn ò fún ní àga. Mo yẹ ẹsẹ̀ tábìlì wò. Mo yẹ etí ilẹ̀kùn wò. Nígbà náà ni òógùn kán sórí ìbọ̀wọ́ mi, mo wá rí i pé ooru tó ń jáde lára mi ló ń da irin àwo láàmú. Ṣúgà mi ti ń já láti ìgbà tí mo ti jókòó. Mi ò mọ̀.

Mo jáde. Tí èèyàn bá ti jáde bẹ́ẹ̀, yàrá gbọ́dọ̀ sinmi kó tó tún ṣeé lò, nítorí náà àárọ̀ odindi ṣòfò. Ní ìta, 49. Ẹ̀gbọ́n Jẹ́jẹ́ ti ń po ṣúgà sómi.

"Àbúrò, mu ún tán. Má wulẹ̀ fi í fọ ẹnu."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Ọ̀gá."

"Èmi? Ẹsẹ̀ mi gan-an kì í sọ̀rọ̀, ká má tíì wá sọ ti ẹnu."

Ọ̀gá mọ̀ kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Wọ́n ń wo ìwé yàrá lójoojúmọ́, wọ́n sì rí àárọ̀ tó ṣófo.

Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá

Mo lọ rí dókítà. Èrò pọ̀ lọ́hùn-ún bí eṣú. Nígbà tó kàn mí, ó na ìka sórí nọ́ńbà mi, láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ẹ̀yin ni ẹ kọ gbogbo èyí?"

"Èmi ni."

"Ọ̀ọ́dúnrún lónìí, àádọ́ta lọ́la. Ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n ẹ ń jẹ nǹkan tẹ́ ẹ ò kọ síbẹ̀."

Mo ní mi ò jẹ. Mo ní iṣẹ́ mi ni pé kí n kọ ohun tí mo rí. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tó ti gbọ́ irú rẹ̀ láàárọ̀ yẹn lẹ́nu àwọn mìíràn. Ó fi yúnítì mẹ́rin kún ti àárọ̀. Ó ti di mẹ́rìnlá báyìí. Àga mi ò tíì gbóná tí nọ́ọ̀sì fi pe ẹni tó kàn.

Mi ò bá a jà. Bí ẹlòmíràn bá gbé irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ wá bá èmi náà, màá ní irọ́ ló ń pa.

Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Mo fẹ́ rìn dé ìsàlẹ̀ òpópónà, kí n kàn rìn ni, kí n wo ojú àwọn èèyàn. Mo wò ó: 88. Ó kéré fún ìrìn. Mo jẹ búrẹ́dì. Mo dúró. Mo tún wò ó: 91. Mo tún jẹ. Ìgbà tí mo tún fi máa wò ó, ó ti di 240, orí ń fọ́ mi, òǹgbẹ ń gbẹ mí. Mo bọ́ bàtà mi.

Ọkọ mi ń wọn ìrẹsì mi lórí òṣùwọ̀n kékeré tí mo rà fún un, ó ń ka hóró bí ẹni tí wọ́n ní kó sanwó rẹ̀. Èèyàn dáadáa ni. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń kí mi nílé yìí mọ́. "Ṣé o ti wò ó?" ni wọ́n ń sọ dípò ẹ káàárọ̀. "Ṣé o ti wò ó?" ni wọ́n ń sọ dípò ó dàárọ̀. Lálẹ́ yìí mo dá a lóhùn pé mo ti wò ó, mi ò sì tíì wò ó. Ó mọ̀. Ó yí ojú sí ògiri.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún

341. Mi ò jẹ nǹkan kan. Mi ò mọ ìdí.

Ẹtì, ogúnjọ́

Ọ̀gá ránṣẹ́ pè mí. Obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò ni.

"Jókòó. Ẹ̀ẹ̀mẹta lóṣù yìí ni yàrá ti dúró nítorí rẹ. Mi ò bínú, ẹ̀rù ló ń bà mí. Tí o bá ṣubú síbẹ̀, ta ló máa gbọ́?"

"Mi ò ní ṣubú, Mà."

"O lè kọ ìyẹn sílẹ̀? Kí o buwọ́ lù ú, bí o ṣe ń buwọ́ lu ìwé ẹ̀rí?"

Mi ò lè kọ ọ́. Wọ́n sì mọ̀ pé mi ò lè kọ ọ́, torí àwọn ló kọ́ mi pé a kì í buwọ́ lu ohun tí kò dá wa lójú.

"Tábìlì kan wà lẹ́bàá fèrèsé," ni wọ́n wí. "Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ síbẹ̀. Àwọn ìwé ẹ̀rí ń fẹ́ ẹni tó máa kọ wọ́n. Màá wá ẹlòmíràn tó máa gba àṣẹ yàrá."

"Ẹ fún mi títí oṣù yìí á fi parí, Mà."

Wọ́n wò mí pẹ́. "Títí oṣù yìí á fi parí. Lẹ́yìn ìyẹn, má bẹ̀ mí mọ́."

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀. Inú yàrá tí kò ní fèrèsé ni mo ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má lé mi kúrò. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ nìkan ni kò sẹ́ni tó ń bi mí bóyá mo ti wò ó. Ibẹ̀ nìkan ni mo ti ń mú ohun kan dání tí mo sì mọ ohun tó jẹ́, títí dé ibi tí ojú ò lè tó.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ọdọọdún ni mo máa ń yẹ òṣùwọ̀n oníkẹ́míìsì tó ń ta bébà fún mi wò, mo sì lọ lónìí. Mo bá a pẹ̀lú ojú tó rẹ̀ wẹ̀sì.

"Ẹ bá mi wò ó, ọ̀rẹ́ mi. Ó ti ya wèrè. Mo wọn oògùn kan láàárọ̀, ó ní báyìí. Mo tún un wọ̀n, ó ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Lójoojúmọ́ ni mò ń yí ìdè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó ń gbé nọ́ńbà sókè kó lè wálé, ìdè náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yí tán."

Mo gbé àwo sókè. Ó ti fi tàdáwà sàmì róbótó kan sí apá òsì.

"Kí lèyí?"

"Ibi tí mo máa ń gbé nǹkan lé nìyẹn. Ojú kan náà, kó má baà sí màgòmágó. Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ní kí nǹkan máa rí bákan náà?"

Mo ṣàlàyé fún un, mo sì fara balẹ̀. Mo ní ibi kan náà lójoojúmọ́ ló rẹ irin tó wà lábẹ́ àwo. Apá yẹn ti rẹ̀. Nígbà mìíràn á gbé ẹrù, nígbà mìíràn á jókòó lórí rẹ̀ bí ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń ṣe ojú ayé. Mo mú irin tèmi, mo gbé e lé apá ọ̀tún tí kò fọwọ́ kàn rí. Nọ́ńbà fò sókè kọjá ààlà, torí gbogbo ìdè tó ti ń yí láti fi gbe apá tó rẹ̀ ló wá rọ́ lu apá tó yè. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Áà, ó wá di ọ̀gbẹ́ni alágbára." Mo dá ìdè padà sí ipò rẹ̀, mo pa àmì tàdáwà rẹ́.

Nílé, mo ń wẹ̀, ọṣẹ wà lọ́wọ́ mi, mo dé ẹ̀gbẹ́ ìdodo mi lápá òsì. Mo dúró.

Ibẹ̀ ni mo ti ń gún abẹ́rẹ́ láti ọjọ́ tí mo ti ń gún un fúnra mi. Níbẹ̀ ni kì í dùn mí mọ́. Yàtọ̀ sí pé kì í dùn mí, mo ti pinnu rẹ̀ bẹ́ẹ̀: ojú kan náà, kí ohun tó ń yí padà má baà pọ̀. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ẹran ibẹ̀ ti ki, ó ti le, ó tóbi tó ẹyin, bí kànrìnkàn tí wọ́n gbàgbé sábẹ́ awọ. Omi tí ẹ bá dà sórí kànrìnkàn ò ní lọ síbi tẹ́ ẹ rán an. Á jókòó síbẹ̀. Á jáde nígbà tó bá wù ú.

Mo jókòó sórí etí báàfù títí omi fi gbẹ lára mi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n, kí n tó jáde

Mo sùn bí ọmọdé. 138 láàárọ̀. Búrẹ́dì ègé méjì, ẹyin kan, yúnítì mẹ́rìnlá bí dókítà ṣe kọ ọ́. Ibi tí mo gún un nìkan ni mo yí padà: itan ọ̀tún. Ohun kan ṣoṣo la máa ń yí, kí ìdáhùn lè yéni. Ó dùn mí bí oró agbọ́n. Ìdùnnú ló jẹ́ fún mi pé ó dùn mí.

Èmi ni yàrá kàn láàárọ̀ yìí. Irin ilé iṣẹ́ oògùn ni màá wọ̀n, pẹ̀lú Ìyá fúnra rẹ̀.

Ẹtì, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Orí ibùsùn ni mo ti ń kọ ọ́.

Mi ò rántí gbogbo rẹ̀. Mo rántí pé Ìyá wà lórí àwo, nọ́ńbà sì lẹ́wà gan-an. Mo rántí pé mo wò ó pẹ́, pé mi ò mọ ohun tí wọ́n ń fi nọ́ńbà ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn mo fẹ́ jáde, mo ṣí ilẹ̀kùn, mo tì í, ilẹ̀kùn mìíràn sì tún wà níwájú mi. Mo dúró sáàárín méjèèjì. Ó yé mi pé ọ̀kan ń lọ síta, ṣùgbọ́n mi ò mọ èwo. Mo di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń yí i.

Ẹ̀gbọ́n Jẹ́jẹ́ ló sọ ìyókù fún mi lánàá. Ó ní òun jókòó síta, òun ń retí kí iná ojú ọ̀nà, tó ń fi hàn pé èèyàn wà nínú, kú tí mo bá jáde, kò kú. Ó ṣí ilẹ̀kùn ìta láìretí àṣẹ. Ó bá mi lórí ilẹ̀. Ìbọ̀wọ́ mi ti bọ́. Mo gbé Ìyá mọ́ àyà, lọ́wọ́ òfìfo, mo fi aṣọ iṣẹ́ mi bò ó.

Ó ní òun sọ pé, "Àbúrò, gbé e fún mi."

Mo ní, "Ẹ má pariwo. Ó ń sùn."

Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó wo ìbòmíràn. Ọwọ́ kan ló fi ń rọ omi ṣúgà sí mi lẹ́nu, ọwọ́ kejì ló fi ń tú ìka mi lára irin lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n wo ṣúgà mi, 24 ni.

Mo ti rò ó láti àná, ọkàn mi ò sì kúrò níbẹ̀. Mo ti rí i lójú mi. Ọwọ́ mi yìí ló gbé irin lé apá tó yè, tí nọ́ńbà sì fò kọjá ààlà. Mo rẹ́rìn-ín. Mo lọ sílé, mo gbé gbogbo ìdè tí dókítà ti yí fún apá tó rẹ̀, yúnítì mẹ́rìnlá yẹn, mo rọ́ ọ lu apá tó yè, mo sì ń fi ìgbéraga kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohun kan ṣoṣo ni mo yí. Òfin iṣẹ́ mi ni mo tẹ̀ lé. Tí kì í bá ṣe Ẹ̀gbọ́n Jẹ́jẹ́, òfin yẹn ni wọn ì bá kọ sórí sàréè mi.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Òjò àkọ́kọ́ rọ̀. Ìyá ọkọ mi wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n ní kí n fi ibi abẹ́rẹ́ náà han àwọn. Mo ṣí inú mi. Wọ́n rọra fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ yíká.

"Ibi kan yìí náà? Láti ìgbà tí o ti wọlé yìí?"

"Kí n tó wọlé yìí pàápàá, Màámi."

"Ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo rò ó fúnra mi ni."

"Hẹn-ẹn. Ẹ̀kọ́ pọ̀ lóòótọ́." Wọ́n da aṣọ mi bò mí. "Ibi tí wọ́n bá ń so ewúrẹ́ mọ́ lójoojúmọ́, ṣé koríko ń hù níbẹ̀? Wọ́n máa ń tú okùn rẹ̀ lọ síbòmíràn ni. Ewúrẹ́ náà á ṣì wà lórí okùn o. Ṣùgbọ́n á rí nǹkan jẹ."

Wọ́n jáde. Mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún ọkọ mi pé kò gbọdọ̀ bi mí bóyá mo ti wò ó títí di ọ̀la, kó kí mi bí èèyàn.

Ajé, ọgbọ̀njọ́

Dókítà ní kí n dùbúlẹ̀. Ó fọwọ́ wá a, ó rí i, ó tún rí òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí èmi ò mọ̀ nípa rẹ̀. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀ pẹ́.

"Láti ìgbà tí ẹ ti ń bọ̀ níbí," ni ó wí, "ìwé yín nìkan ni mo ń wò. Mi ò tíì fọwọ́ kàn yín rí."

Mo dìde jókòó, mo fa aṣọ bo inú mi.

Ó gé oògùn kù sí ìdajì. Ó ya ara mi sójú bébà: itan méjì, apá méjì, ìdí, kí n máa yí i ká, kí n má padà síbi ẹran líle títí ó fi máa rọ̀, bó bá máa rọ̀. Mo béèrè pé lẹ́yìn náà ńkọ́, ṣé yóò dúró sójú kan?

"Yóò sàn ju báyìí lọ."

"Ìyẹn kọ́ ni mo béèrè."

"Mo mọ̀. Rárá, kò ní dúró. Ooru á yí i, ìrònú á yí i, àárẹ̀ á yí i, nǹkan oṣù yín á yí i. Lọ́jọ́ mìíràn ẹ ò ní rí ìdí kankan."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òótọ́ ni mo wá gbà, ó sì fún mi.

Ẹtì, ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin

Tábìlì ẹ̀bá fèrèsé. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ síbẹ̀ lóòótọ́. Mo ń kọ ìwé ẹ̀rí, mo ń wo àwọn awakọ̀ tí ń jà nítorí ibi ìgbọ́kọ̀sí.

Wọ́n ti fi ọtí wẹ Ìyá, wọ́n ti fi ooru omi nù ún, Ẹ̀gbọ́n Jẹ́jẹ́ sì ti gbé e síwájú àwọn irin méjì tó jẹ́ àbúrò rẹ̀, tó wà nípamọ́. Ọ̀gá ò bá mi sọ̀rọ̀ títí ìdáhùn fi jáde. Ìyàtọ̀ wà, ṣùgbọ́n ó kéré ju àṣìṣe tí a ti ń gbà láyè fún un tẹ́lẹ̀. Ìyá ṣì ni Ìyá.

Mo lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo sunkún, mo fọ ojú. Lẹ́yìn náà mo wò ó: 131. Àná, 126. Mi ò gbẹ́kẹ̀ lé e.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án

Irin ti kún ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Jẹ́jẹ́ ti wọn gbogbo wọn tán lápá tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọwọ́ kejì, ẹni tí Ọ̀gá ń wá ò sì lè gba àṣẹ títí ọdún á fi yí. Wọ́n pe àwa méjèèjì.

"Ẹ gbà mí nímọ̀ràn."

Mo ti kọ tèmi sílẹ̀. Mo ní: kí n máa wò ó láàárín ilẹ̀kùn méjì, kí n tó ṣí èkejì. Bí kò bá tó ọgọ́fà, mi ò wọlé, ẹni yòówù kó máa dúró dè mí. Kí ìjókòó mi kúrú. Kí wọ́n jẹ́ kí n fi súìtì sápò, nínú bébà tó dí, torí súìtì tí wọn ò tú kò lè da afẹ́fẹ́ kankan rú. Kí Ẹ̀gbọ́n jókòó síta.

"Oúnjẹ ò wọ yàrá yẹn rí," ni Ọ̀gá wí.

Ẹ̀gbọ́n Jẹ́jẹ́ ní, "Mà, òkú náà ò wọ ibẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ ká mú súìtì."

Ọ̀gá wo òrùlé. "Ìwọ lo máa sọ fún ara rẹ pé o ò wọlé? Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá há?"

"Èmi ni, Mà."

"Mi ò gbà ọ́ gbọ́. Àwọn olùyẹ̀wò máa dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ìgbà yẹn ni màá mọ̀."

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá

Àwọn mẹ́ta ni wọ́n wá. Ọ̀gá wọn jẹ́ bàbá àgbàlagbà kan tó ń fi ìka wo eruku lórí gbogbo nǹkan. Wọ́n ní kí n wọn irin kan lójú wọn, kí àwọn máa wo nọ́ńbà lójú ẹ̀rọ tó wà níta.

Mo wọṣọ iṣẹ́. Mo ṣí ilẹ̀kùn àkọ́kọ́, mo tì í. Mo jókòó sórí àga kékeré tí Ẹ̀gbọ́n gbé síbẹ̀. Mo gún ìka mi. 92.

Mo mọ̀ pé ara mi le. Ọ̀nà ilẹ̀kùn kejì ò ju apá kan lọ. Nọ́ńbà yẹn kì í sọ bóyá ó ń gòkè tàbí ó ń sọ̀kalẹ̀, ó kàn ń sọ ibi tó wà. Àwọn tó máa sọ bóyá ilé iṣẹ́ wa ṣì yẹ fún orúkọ rẹ̀ dúró síta, ẹsẹ̀ wọn ń dún.

Mo ṣí ilẹ̀kùn ìta padà. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n dúró díẹ̀.

Bàbá yẹn ní, "Kí la ń dúró dè?"

Ọ̀gá wo ilẹ̀.

"Èmi ni, sà," ni mo wí. "Mi ò tíì ṣeé lò."

Ó wò mí, ó wo ìka mi tí ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀. Ó fa àga kan, ó jókòó. "Ó dáa," ni ó wí. "Tí ó bá yá, kí ẹ sọ."

Mo ti ilẹ̀kùn. Mo tú súìtì, mo fi sábẹ́ ahọ́n. Ó dákẹ́ níbẹ̀ débi pé mo ń gbọ́ eyín mi. Ọjọ́ yẹn, mi ò mọ ilẹ̀kùn tó ń lọ síta. Lónìí mo mọ̀ ọ́n, mo mọ èyí tó ń lọ sínú, kò sì sí èyí tí mo lè gbà jáde kúrò lára mi. Mo lá súìtì tán. Mo dúró. 127. Mo tún dúró kí n lè mọ ibi tó kọjú sí. 134.

Mo wọlé. Nọ́ńbà tèmi àti ti Ẹ̀gbọ́n Jẹ́jẹ́ bára mu. Nígbà tí àwọn olùyẹ̀wò lọ tán, Ọ̀gá gbé àwọn ìwé ẹ̀rí tó wà lórí tábìlì ẹ̀bá fèrèsé fún akọ̀wé.

Nílé, ìyá ọkọ mi ń ṣa ẹ̀wà. Wọn ò gbójú sókè.

"Níbo lo so ewúrẹ́ mọ́ lónìí?"

"Itan òsì, Màámi."

"Ọ̀la ńkọ́?"

"Apá ọ̀tún."

"Ẹ káalẹ́," ni ọkọ mi wí láti yàrá ìdáná, bí ẹni tó ń kí àlejò.